Ìgò Kẹrin Lórí Tábìlì Ẹ̀gbọ́n Mi

Ara aṣọ ìnujú ni mo ti jí omijé ẹ̀gbọ́n mi gbé. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Èmi ni mo ṣe é, kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe ayé. Ó fi aṣọ náà nu ojú lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ooru mú, ó gbàgbé rẹ̀ sórí àga, mo sì ká a sínú àpò mi.

Àwa méjèèjì la jọ ń tún aago ṣe nínú ìsọ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀. Tábìlì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí. Ti ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Tèmi wà lẹ́yìn, lábẹ́ pẹpẹ tí a to àwọn aago tí ẹni tó ni wọ́n ò padà wá mú sí. Àwọn oníbàárà ń pe ẹ̀gbọ́n mi ní Àwòdì, torí pé bí eyín wíìlì kan ṣoṣo bá kán nínú aago obìnrin tí kò ju èékánná lọ, ojú rẹ̀ á rí i. Èmi, Bátìrì ni wọ́n ń pè mí. Ẹ ti mọ ìdí rẹ̀. Ogún ọdún ni mo fi ń pààrọ̀ bátìrì àti okùn aago. Bí mo bá na ọwọ́ sí aago gidi, oníbàárà á fà á sẹ́yìn, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí Àwòdì dé."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń jẹ mí nínú. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ò ṣẹ̀ mí rí. Ó tilẹ̀ sàn kó ti ṣẹ̀ mí, ǹ bá rí nǹkan dì mú.

Ọkùnrin tí mo gbé aṣọ ìnujú náà lọ bá ń gé kọ́kọ́rọ́ nínú ìsọ̀ tóóró kan lẹ́yìn òpópónà wa. Oníkọ́kọ́rọ́ ni gbogbo ayé ń pè é. Níwájú kọ́tìnnì, ó ń gé kọ́kọ́rọ́ ilé àti ti ọkọ̀. Lẹ́yìn kọ́tìnnì, iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe. Ọ̀sán gangan ni mo lọ, oòrùn ń ràn lóde, síbẹ̀ ẹ̀yìn kọ́tìnnì náà tutù.

"Kí lo fẹ́?" ó bi mí.

"Mi ò fẹ́ kó kú o, bàbá. Mi ò sì fẹ́ kó fọ́jú. Kí ojú rẹ̀ kàn máa rẹ̀ ẹ́ ni. Kó kàn dìde kúrò lórí àga yẹn."

"Gbogbo ẹni tó ń wọlé síbí ló ń sọ 'kàn,'" ó wí, kò tilẹ̀ wò mí.

Ó mú àgádágodo kan tó ti gbó, ó ki etí aṣọ náà sí ọrùn rẹ̀. Ó gbé e sẹ́nu, ó sì ń sọ̀rọ̀ sínú ihò kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni mo gbọ́ nínú gbogbo ohun tó sọ. Èmi ò sì sọ orúkọ náà fún un. Nígbà tó tẹ àgádágodo náà pa, ìró rẹ̀ dún títí dé inú eyín mi.

"Omi ti dúró," ó wí. "Gbé e sí ibi tí o ó máa jókòó lé. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ á wà lọ́dọ̀ mi."

Mo so ó mọ́ abẹ́ àga mi. Nígbà tí mo jókòó lé e, mo ń retí pé màá láyọ̀. Ayọ̀ ò dé.

*

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wọn, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló ròyìn rẹ̀ fún mi, torí pé kò sí ohun tó ń fi pa mọ́ fún mi nígbà yẹn. "Ọkọ mi" ló ń pè mí, bí ìyàwó ilé ṣe ń pe àbúrò ọkọ. 

Ó ní lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n mi jí, ìpéǹpéjú rẹ̀ ò ṣí. Ó ti gbẹ mọ́ ẹyin ojú. Nígbà tó fi ọwọ́ là á, ó ké bí ẹni tí wọ́n da yanrìn sí lójú. Láti ọjọ́ náà, kàkà kéwé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele. Ìmọ́lẹ̀ ń gún un. Afẹ́fẹ́ fáànù ń ta á. Ó ń wo aago, aago náà ń di méjì mọ́ ọn lójú. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ ń gé àlùbọ́sà, omi ń dà lójú tirẹ̀ wàràwàrà, ọkọ rẹ̀ jókòó tì í, ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀kán omi kan ò jáde níbẹ̀.

"Mo wò ó, àyà mi já," ìyàwó náà sọ fún mi. "Ọkọ mi, ẹ sọ fún mi, ta ló ń gbé omi lójú ènìyàn lọ?"

Mo ní mi ò mọ̀. Bátìrì kan wà lọ́wọ́ mi, mo yí i padà lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó rántí ibi tó ń lọ.

Ó mú ọkọ rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn ojú. Obìnrin ni dókítà náà, kò sì ní ìkánjú. Ó fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan há etí ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀, ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi di ojú fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà tó yọ bébà náà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rin.

"Bàbá, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Aago ni mò ń tún ṣe."

"Tẹ́ ẹ bá ń wo aago, ẹ máa ń ṣẹ́jú?"

"Dókítà, tí mo bá ṣẹ́jú, nǹkan á já bọ́, a ò sì ní rí i mọ́ títí ọdún á fi yí po."

Dókítà náà rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé omi ojú rẹ̀ ò tó, èyí tó wà sì ń tètè gbẹ. Ó ní kó yí fáànù kúrò lójú, kó máa fi aṣọ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ lé ojú láràárọ̀. Ó fún un ní oògùn tí wọ́n ń kán sójú, ìgò rọ́bà funfun kékeré kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Ó kìlọ̀ pé kó má jẹ́ kí ẹnu ìgò kan ojú, kó má sì jẹ́ kí ẹlòmíì bá a lò ó. Ó ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ á kọjá kó tó rí ìyàtọ̀.

"Dókítà ti ṣe tirẹ̀," ìyàwó náà wí nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé. "Èmi náà á ṣe tèmi."

*

Ó yẹ kí ẹ mọ bí àwa tí ń tún aago ṣe ṣe ń to tábìlì. Bàbá wa kọ́ wa pé ẹni tó bá fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá há ojú kì í gbé ojú kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láti wá ìgò. Ọwọ́ ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tó wà. Nítorí náà, ìgò rọ́bà kékeré bákan náà la ń lò fún gbogbo nǹkan, a ń bó bébà ara wọn dànù torí òróró máa ń ba bébà jẹ́, a sì ń mọ̀ wọ́n nípa ipò wọn lápá ọ̀tún. Ìkíní, òróró fẹ́lẹ́. Ìkejì, òróró tó ki. Ìkẹta, omi kẹ́míkà tí a fi ń fọ irin tó ti dógùn-ún. Bí ìyẹn bá kan ọwọ́, àwọ̀ á bó.

Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi gbé oògùn ojú rẹ̀ wá sí ìsọ̀, ó jókòó, ó bó bébà ara rẹ̀ dànù láìronú, ó sì gbé e sí ipò kẹrin. Bí apoògùn kan bá rí i, á figbe ta. Lójú tiwa, bí nǹkan ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Èmi náà ò rò ó sí nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́ níbẹ̀ yẹn nìkan.

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin, pípọ́n ojú rẹ̀ ti ń lọ, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lábẹ́ ẹnu bó ṣe máa ń ṣe. Ọkàn mi pín sí méjì. Apá kan ń dúpẹ́, apá kejì ń gbọ́ ohùn oníbàárà kan lẹ́nu ọ̀nà tó ń sọ pé, "Ọpẹ́ o, Àwòdì ti padà!" Aago tí oníbàárà náà ti gbé lé mi lọ́wọ́, ó rọra gbà á padà lọ́wọ́ mi.

Mo bá jáde. Mo forí lé ọ̀dọ̀ Oníkọ́kọ́rọ́.

Ó kù díẹ̀ kí n dé ibẹ̀ ni mo rí obìnrin kan tó ń jáde bọ̀, ó fa gèlè wálẹ̀ dé ìpéǹpéjú. Ìrìn rẹ̀ ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni. Mo sá sẹ́yìn ọkọ̀ tí wọ́n gúnlẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ó fi kọjá. Ilẹ̀ ò gbà mí mọ́.

"Bàbá, kí ló wá ṣe níbí?" Mi ò tíì wọlé tán tí mo fi bi í.

"Ẹni tó bá wá tì, mo máa ń tì í. Ẹni tó bá wá ṣí, mo máa ń ṣí i. Iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ ni." Ó ń gbá èérún irin kúrò lórí tábìlì rẹ̀. "Mo ní kó lọ wá ẹni tó jókòó lé e. Mo ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà."

"Ẹ sọ fún un pé èmi ni?"

"Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo fún un ní dígí kan, kó gbé e kọ́ síwájú ẹni tó bá fura sí." Ó wá gbé ojú sókè, ó wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́. Ojú rẹ̀ ò ṣẹ́ rárá. "Omi tí dókítà ń kán sí i yẹn ló ń bá tèmi jà. Mi ò ní kí o fi nǹkan kan sínú rẹ̀ o. Ohun tó wà ní ipò kẹta, jẹ́ kó bọ́ sí ipò kẹrin. Ohun tó wà ní ipò kẹrin, jẹ́ kó bọ́ sí ipò kẹta. Kò ju ìyẹn lọ."

Mo ti rìn dé àárín òpópónà kí n tó rántí pé mi ò sọ fún un rí pé ìgò mẹ́rin ló wà lórí tábìlì wa.

*

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbé dígí náà wá sí ìsọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó kàn án mọ́ ògiri, òdìkejì àga mi gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé kí ni ìsọ̀ aago fẹ́ fi dígí ṣe.

"Kí àwọn oníbàárà lè máa wo bí aago ṣe rí lọ́wọ́ wọn," ó fèsì. Ó wá yíjú sí mi. "Àbí kò dáa bẹ́ẹ̀, ọkọ mi?"

"Ó dáa."

"Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani," ó wí, ó sì lọ.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá gbójú sókè, ojú ara mi ni mò ń rí. Mo gbìyànjú láti má wò ó, mo sì ń wò ó. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá ọmọ́ńlé kan tó ti kú lórí tábìlì mi, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ gbagada, ó ti gbẹ kọ́kọ́. Àwọn aago orí pẹpẹ tí kò ṣiṣẹ́ láti ìgbà ayé bàbá wa, ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ró. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń jókòó lórí àgádágodo yẹn, mo ń gbọ́ ìró aago náà, ojú tèmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Lákọ̀ọ́kọ́, ó dà bí eruku. Nígbà tó yá, ó di yanrìn. Mo fẹ́ sunkún ní ìkọ̀kọ̀ kó lè rọ̀ mí lójú, ẹkún náà ò wá.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ Oníkọ́kọ́rọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ̀gbọ́n mi jáde lọ fọ ọwọ́ lẹ́yìn, mo dìde, mo lọ sí ibi tábìlì fèrèsé, mo fi ìka méjì sún ìgò kan síbí, mo sún èkejì sọ́hùn-ún. Kò tó bí ẹni tó gbé itọ́ mì. Mo ń sọ fún ara mi pé mi ò fi nǹkan kan sínú ohunkóhun. Mo kàn sún ìgò ni.

Mo kàn. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ara mi.

*

Aago méjì ọ̀sán ni ìgbà kẹta tó máa ń kán oògùn náà. Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú ni mo sún àwọn ìgò yẹn. Ẹ lè bi mí pé ṣebí mo ní ogójì ìṣẹ́jú láti dá wọn padà. Mo ní in. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo dìde. Lẹ́ẹ̀kíní, oníbàárà wọlé. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀gbọ́n mi ti jókòó, ó ti fi gíláàsì há ojú, mi ò sì mọ irọ́ tí màá pa tí màá fi na ọwọ́ kọjá níwájú rẹ̀. Ìtìjú ló dè mí mọ́lẹ̀. Ẹ ò rí i bí ìtìjú ṣe lè fọ́ ojú ọmọ ìyá ẹni.

Gbogbo aago inú ìsọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, bó ṣe jẹ́ pé wọn kì í bára mu. Ẹ̀gbọ́n mi yọ gíláàsì. Ó yí padà, ó wò mí.

"Àbúrò mi, kí ló ṣe ojú ẹ? Ó pọ́n bí ata."

"Kò ṣe nǹkan kan, bùọ̀dá mi."

"Mo mọ irú pípọ́n yẹn. Wá. Wá jókòó síbí."

Ó dìde kúrò lórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó fà mí lápá, ó fi mí jókòó sórí rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń gún mi lójú. Ó gbé ọwọ́ lé iwájú orí mi, ó tẹ̀ mí lọ́rùn sẹ́yìn. Mo gbọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kejì lọ sápá ọ̀tún tábìlì, tó mú ìgò láìwò ó.

"Dókítà ní kí n má fún ẹnikẹ́ni lò. Ìwọ kì í ṣe ẹnikẹ́ni."

Mo wò ó láti ìsàlẹ̀. Ó dà bíi pé ojú bàbá wa ni mo rí, pẹ̀lú ìgò náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo wá rò ó nínú mi pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kó kán an. Màá dákẹ́, màá sanwó ẹ̀ṣẹ̀ mi, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo la ojú mi méjèèjì. Gbogbo ara mi ń gbọ̀n lórí àga náà.

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rù ń ba àgbàlagbà! Kì í ta. Dúró, jẹ́ kí n kọ́kọ́ kán tèmi, kí o rí i."

Ó gbé orí sókè. Ó fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀. Ó gbé ìgò náà sókè ojú.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo fi gbogbo agbára gbá ọwọ́ rẹ̀, ìgò náà fò, ó balẹ̀ sórí tábìlì, omi inú rẹ̀ dà sórí aago idẹ kan tó ṣí sílẹ̀. Omi náà hó. Èéfín aláwọ̀ ewé tẹ́ẹ́rẹ́ kan gòkè, àwa méjèèjì dúró, a ń wò ó.

Ẹ̀gbọ́n mi wo àwọn ìgò tó kù. Ó na ìka kan sí wọn, ó kà wọ́n láìsọ̀rọ̀.

"Ìkẹta nìyẹn," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, bùọ̀dá mi."

"Ta ló gbé e síbẹ̀?"

"Èmi ni."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ti aṣọ ìnujú, mo sọ ti Oníkọ́kọ́rọ́, mo tú àgádágodo lábẹ́ àga mi, mo gbé e sẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ń wá ibi tí nǹkan ti kán nínú aago.

"Kí ni mo ṣe fún ẹ?"

Mo wá a. Mo wá a jìnnà, títí dé ìgbà tí a wà lọ́mọdé, bóyá màá rí nǹkan kan.

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan fún mi."

Ìgbà náà ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Omi kọ́kọ́ kóra jọ sí etí ìpéǹpéjú, ó wá jábọ́, òmíràn tẹ̀ lé e. Omi ń ṣàn lójú ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì, kò sì nù ún. Mo fẹ́ bá a sunkún. Ojú mi gbẹ fúrúfúrú.

Bí ìyàwó rẹ̀ ṣe wọlé bá wa nìyẹn, pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ ọ̀sán lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹsẹ̀ ti àgádágodo náà sábẹ́ tábìlì. Ó rí ọkọ rẹ̀. Abọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́.

"Omi! Omi ti padà sójú ọkọ mi! Ọlọ́run, mo dúpẹ́ o!" Ó di ọkọ rẹ̀ mú, ó ń fi ìka kan omijé náà bí ẹni tí kò gbàgbọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó rí èmi tí mo wà lórí ìkúnlẹ̀, tó rí omi tó dà sórí tábìlì àti idẹ tí omi náà ti jẹ. "Kí ló ṣẹlẹ̀ níbí?"

Mo la ẹnu. Ẹ̀gbọ́n mi ṣáájú mi.

"Ọwọ́ mi ló ṣìnà," ó wí. "Ìgò tí a fi ń fọ irin ni mo mú, mo fẹ́ kán an sójú. Àbúrò mi ló gbá a dànù lọ́wọ́ mi."

Ìyàwó náà wò mí. Mo rí i tí ojú rẹ̀ lọ sí ara dígí, tó sì padà sọ́dọ̀ mi. Ó gbé abọ́ sílẹ̀, òun náà kúnlẹ̀ níwájú mi, eékún rẹ̀ kan eékún mi.

"Ọkọ mi, ẹ dárí jì mí. Mo ti ro ohun burúkú sí yín lọ́kàn. Ẹ̀yin gan-an lẹ gba ojú ọkọ mi là. Ẹ ṣé. Ẹ ṣé gan-an ni."

Mo gbójú sókè wo ẹ̀gbọ́n mi, bóyá ó máa sọ èyí tó kù. Kò sọ ọ́. Ó dúró síbẹ̀, omi ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀ sára aṣọ, ó ń retí kí èmi náà dá ìyàwó rẹ̀ lóhùn.

"Kò tọ́pẹ́," ni mo wí.